Ọlọ́jà Méjì Tí Wọ́n Wọ Ìṣèlú

 

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò tíì pẹ́, lẹ́yìn tí a kírun Ìṣáì tán, ọkùnrin olówó kan wá bá mi ní ilé ní Ẹ̀rìn-Ilé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kò ṣẹ̀ mí, kò sì ṣẹ ìlú. Sìmẹ́ńtì àti páànù ni ó ń tà. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù bíi mélòó kan, ó sì ń san owó ilé kéwú fún àwọn ọmọ tí kò ní bàbá. Bí a bá ń ka àwọn tí owó wọn ń ṣe ìlú ní àǹfààní, a kò lè fò ó.

Ó jókòó lórí ẹní, a kí ara wa, ó béèrè àwọn ará ilé, lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ó gbé e wá.

Ó ní, “Alfà, mo fẹ́ wọ ìṣèlú. Mo fẹ́ dupò aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìlọrin. Ẹ bá mi fi àdúà sí i, kí ẹ sì bá mi dárúkọ fún ìjọ ní ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ wọn ni mo jẹ́.”

Mo ní, “Alhájì, kí ni ẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Alfà, ṣé ẹ mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ṣòwò? Ìjọba kò ju ìsọ̀ ńlá kan lọ. Ẹni tí ó bá lè darí ìsọ̀ tí kò jẹ gbèsè, ó lè darí ìlú.”

Nígbà tí ó fẹ́ dìde, ó fi àpò ìwé kan sí abẹ́ awọ tí mo fi ń kírun. Mo mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láìṣí i. Mo sọ fún un pé kí ó fún mi ní àyè títí di Jímọ̀ tí ń bọ̀, èmi yóò fún un ní èsì.

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ yẹn, pé ìjọba kò ju ìsọ̀ lọ, kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń sọ ọ́. Níbi gbogbo tí ènìyàn bá yà sí, ní ọjà Ọ̀fà, ní gáréèjì, ní ibi ìsìnkú àti ibi ìsọmọlórúkọ, ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ni pé àwọn olóṣèlú ti bà á jẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi oníṣòwò síbẹ̀, nítorí ẹni tí ó ti yó kì í jalè. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. A ti dán an wò rí ní ilẹ̀ Adúláwọ̀ yìí, ní àsìkò tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a sì mọ bí ó ti rí.

Ní ọdún 1960, Tógò gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù Ẹ́príìlì, Dàhòmì tí à ń pè ní Benin báyìí gbà á ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ́gọ́ọ́sì, àwa ní Nàìjíríà gbà á ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ́kítóbà. Àwọn Òyìnbó ni wọ́n ti ń di ìwé ìṣirò mú tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n mọ bí a ti ń ṣètò owó ńlá kò pọ̀, àwọn oníṣòwò sì wà lára wọn. Bákan náà, ẹgbẹ́ òṣèlú ń fẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń fẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n ń fẹ́ owó ìwé ìpolongo. Ta ni yóò san án bí kò ṣe olówó? Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò fi rí ọ̀nà wọlé. N ó sọ ìtàn méjì nínú wọn.

Oníṣòwò Lomé

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ bàbá àti ìyá wa ní agbègbè yìí, láti Ọ̀fà dé Ògbómọ̀ṣọ́, Ìníṣà àti Èjìgbò, ni wọ́n ti ṣòwò lọ sí Gánà, Tógò àti Àbíjáǹ. Nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àlejò kúrò ní Gánà ní ìparí ọdún 1969, ọ̀nà Lomé ni ọ̀pọ̀ wọn gbà padà wá sílé. Lẹ́nu irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Olympio nígbà tí mo wà ní ọmọdé.

Sylvanus Olympio ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọjọ́ 6 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1902 ní Kpandu, ìlú tí ó wà lábẹ́ àwọn ará Jámánì nígbà náà, tí ó sì wà ní Gánà lónìí. Bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀ ti Bràsíìlì wá sí etí òkun wa, ẹbí náà sì di gbajúmọ̀ oníṣòwò ní Agoué àti Lomé. Kì í ṣe Mùsùlùmí, Kátólíìkì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kì í béèrè mọ́sálásí tí ènìyàn ń lọ kí ó tó kọ́ni.

Ó kàwé nípa ọrọ̀ ajé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1926. Lẹ́yìn náà ó bá ilé-iṣẹ́ Lever ṣiṣẹ́, ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà wa níhìn-ín, ó ṣiṣẹ́ ní Góòlù Kóòsì, kí ó tó di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ UAC ní Tógò. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà mọ ohun tí UAC jẹ́ nígbà náà. Kí ènìyàn dúdú jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Owó wà, ilé wà, orúkọ sì wà.

Ìṣèlú gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fún un ní nǹkan kan. Ní ọdún 1942, nígbà ogun Hitler, àwọn Faransé mú un lọ há mọ́ Djougou ní àríwá Dàhòmì. Ní ọdún 1946 ó di alága ìgbìmọ̀ aṣòfin Tógò. Ní ọdún 1947 ó lọ sọ ẹjọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí Paris kí ó lè jìnnà sí ìṣèlú, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1954 àwọn Faransé fi ẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè kàn án, wọ́n bu owó ìtanràn lé e, wọ́n sì fi òfin dè é kí ó má lè dìbò tàbí dupò. Síbẹ̀, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé mójú tó ìdìbò ní ọjọ́ 27 oṣù Ẹ́príìlì ọdún 1958, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó borí, òun sì ni ó di olórí ìjọba. Ní ọdún 1961 ó di ààrẹ.

Báwo ni oníṣòwò yìí ti ṣe ìjọba? Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ ó mọ ìdáhùn kí n tó sọ ọ́. Ó dì owó mú. Kò fẹ́ kí Tógò máa tọrọ lọ́wọ́ Faransé láti ọdún dé ọdún, nítorí náà ó gé ìnáwó kù títí tí ohun tí ó ń wọlé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ó ń jáde. Ó ń gbèrò láti dá owó Tógò sílẹ̀ lọ́tọ̀. Bí a bá fi ojú ìwé ìṣirò wò ó, iṣẹ́ rẹ̀ dára.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1962 ogun Algeria parí, àwọn ọmọ Tógò tí wọ́n ti ń jà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé sì padà sílé. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Kabiyè láti àríwá. Wọ́n ní kí ìjọba gbà wọ́n sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Tógò, èyí tí àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún méjì àti díẹ̀ lọ. Olympio kọ̀. Kò rí ìwúlò ọmọ ogun púpọ̀ fún ilẹ̀ kékeré tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, inú rẹ̀ kò sì dùn sí àwọn tí wọ́n lọ bá Faransé ja àwọn tí ń wá òmìnira. Wọ́n tún bẹ̀ ẹ́, ó tún kọ̀. Ní oṣù Jánúárì ọdún 1963 wọ́n tún kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, kò tún gbà.

Ẹ̀yin ará mi, oníṣòwò lè sọ fún ilé-iṣẹ́ pé òun kò ra ọjà kan, ọjà náà yóò sì padà sí ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú kì í ṣe ọjà. Kò ní ilé-iṣẹ́ tí a lè dá a padà sí. Bí a bá lé e kúrò ní ẹnu ọ̀nà, àárín wa náà ni yóò máa gbé, pẹ̀lú ebi àti ìbínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ìbọn tí ó ti kọ́.

Ta ni yóò sọ èyí fún Olympio? Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù nìyí. Kí ìdìbò ọdún 1961 tó dé, ìjọba rẹ̀ ti dí ẹgbẹ́ tí ó ń ta kò ó lọ́nà, wọn kò jẹ́ kí ó dupò. Ní ọdún 1962 wọ́n fi òfin de ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n sì ti àwọn kan mọ́lé. Nicolas Grunitzky, àna rẹ̀, tí ó jẹ́ olórí ìjọba ṣáájú rẹ̀, ti kúrò ní ìlú. Ẹni tí ó lè sọ fún un pé, “Bàbá, ẹ dúró ná,” ti di ọ̀tá tàbí ó ti di ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn àgbà sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Olympio gbọ́n, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tirẹ̀ nìkan ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 13 oṣù Jánúárì ọdún 1963, àwọn sójà fọ́ ilé rẹ̀ ní Lomé. Ó fo ògiri bọ́ sí àgbàlá ilé aṣojú Amẹ́ríkà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, ó sì sá pamọ́ sínú ọkọ̀ kan níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n ti pa á, wọ́n sì bá òkú rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Wọ́n pe Grunitzky padà wá ṣe ààrẹ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Jánúárì ọdún 1967, àwọn sójà lé òun náà, Eyadéma tí ó wà lára àwọn sójà ọjọ́ àkọ́kọ́ sì gba ìjọba ní ọdún náà. Kò sọ̀kalẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2005, ọmọ rẹ̀ sì jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Olympio kò fẹ́ fi ọgọ́rùn-ún díẹ̀ kún di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, owó ìlú náà ni wọ́n sì fi ń bọ́ ọ. Owó tí ó fi pamọ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ mi ní òdì. Àwọn tí ó pa á ṣẹ̀ sí Ọlọ́hun. Kò sí àìríṣẹ́ṣe tí ó sọ ẹ̀mí ènìyàn di hàláàlì.

Oníṣòwò Sapele

Èkejì wà nítòsí wa. Festus Okotie-Eboh, ọmọ Itsekiri, ni. A bí i ní ọdún 1912. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ bàtà Bata ní Sapele, ó tẹ̀ síwájú níbẹ̀ títí wọ́n fi rán an lọ kọ́ṣẹ́ ní Prague ní ọdún 1947. Nígbà tí ó padà dé, ó dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, ó ṣe igi gẹdú, ó ṣe rọ́bà, ó sì dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ní ọdún 1951 ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, ní ọdún 1954 ó di akápò ẹgbẹ́ NCNC, ní ọdún 1955 ó di mínísítà ìjọba àpapọ̀, ní ọdún 1957 wọ́n sì fi í sí ipò mínísítà ètò ìnáwó. Ipò yẹn ni ó wà nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Júláì ọdún 1959, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú.

Ẹ wo ó dáadáa. Akápò ẹgbẹ́ òṣèlú ni, akápò ìlú ni, oníṣòwò sì ni, lẹ́ẹ̀kan náà. Àpò mẹ́ta wà ní èjìká kan. Ní àwọn ọdún òmìnira wọ̀nyẹn ó ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe bàtà, Omimi ni wọ́n ń pè é. Ọ́fíìsì rẹ̀ náà ni ó ń pinnu iye owó ibodè tí a óò gbà lórí ọjà tí ó ń ti òkè òkun wọlé, títí kan bàtà. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní gbangba pé ó ń fi owó ibodè dáàbò bo ọjà tirẹ̀. N kò jókòó ní ilé ẹjọ́, n kò sì dá a lẹ́bi. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ibodè náà ṣe ìlú ní rere, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ẹni tí ó ń wọn gàrí fún ìlú, tí ó sì ń ra gàrí fún ara rẹ̀ láti inú àpò kan náà, kódà bí ó bá wọ̀n ọ́n dọ́gba, ojú àwọn ènìyàn kò ní kúrò lára ọwọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Jánúárì ọdún 1966, àwọn sójà mú òun àti olórí ìjọba wa, Alhájì Abubakar Tafawa Balewa, ní Èkó. Wọ́n bá òkú wọn lẹ́yìn náà ní ẹ̀bá ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa Sardauna ní Kàdúná àti Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ìpànìyàn ni èyí náà, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn sójà fẹ́ wí àwíjàre, ọ̀rọ̀ owó ìlú àti owó àwọn mínísítà ni wọ́n mú bọnu, àwọn ènìyàn kan sì jó ní títì. Ìfura tí ó ti wà nílẹ̀ ni ó fún wọn ní ọ̀rọ̀ yẹn sọ.

Báyìí ni ọlọ́jà méjì ṣe. Ọ̀kan fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìta, ó mú ìwé ìṣirò nìkan wọlé, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun kà á. Èkejì gbé ìsọ̀ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ara rẹ̀. Ṣé pé kí oníṣòwò má wọ ìjọba mọ́ nìyẹn? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Mẹ̀dínà.

Oníṣòwò Mẹ̀dínà

Gbogbo wa mọ̀ pé Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣòwò. Sayyidina Abubakar náà ṣòwò, aṣọ ni ó ń tà. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe olórí àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn Ànábì ní ọdún 632, ìtàn sọ fún wa pé nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé aṣọ rẹ̀ sí èjìká, ó ń lọ sí ọjà. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun. Sayyidina Umar pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó bi í léèrè ibi tí ó ń lọ. Wọ́n jọ ronú sí i, wọ́n sì rí i pé ẹni tí ń ṣe olórí kò lè máa ná ọjà pẹ̀lú àwọn tí ó ń dá ẹjọ́ wọn. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀? Ẹni tí ó bá ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé aṣọ ni ó ń rà àbí ojú rere? Wọ́n ní kí ó fi aṣọ sílẹ̀, wọ́n sì gé iye kan fún un láti inú owó ìlú, tí yóò tó ilé rẹ̀ jẹ, láìpọ̀ jù. Nígbà tí ikú fẹ́ dé, ó ní kí wọ́n kó ohun ìjọba tí ó kù ní ọwọ́ òun padà fún ẹni tí yóò jẹ lẹ́yìn òun.

Ẹ tún rántí ọkùnrin tí Ànábì rán lọ gba sàká, tí ó padà dé tí ó sì pín ẹrù sí ọ̀nà méjì, pé apá kan jẹ́ ti ìlú, apá kejì jẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n fún òun. Inú bí Ànábì, ó gun mínbárì, ó sì béèrè bóyá ẹ̀bùn náà ìbá wá bá ọkùnrin yìí ká ní inú ilé bàbá rẹ̀ ni ó jókòó sí. Sayyidina Umar ní tirẹ̀ máa ń ka ohun ìní àwọn tí ó bá fẹ́ fi ṣe gómìnà kí wọ́n tó lọ. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fara jọ èyí. Ó ní kí ẹni tí ó bá di ipò mú kọ ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní kí ẹni tí ó wà ní ipò ní kíkún má ṣe máa darí òwò tirẹ̀, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Òfin náà wà nínú ìwé. Àwa tí ó yẹ kí a béèrè rẹ̀ ni a kì í béèrè.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi

Kí ni kì í jẹ́ kí a béèrè? N ó sọ tèmi, kí ẹ má baà ní Alfà ń bá àwọn ẹlòmíràn wí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, òrùlé mọ́sálásí kékeré tí mo ń kírun fún ń jò. Olóṣèlú kan, oníṣòwò ni òun náà, gbé páànù àti igi wá, ó sì fún èmi fúnra mi ní nǹkan. Mo dárúkọ rẹ̀ fún ìjọ. Mo ní ọmọ rere ni. Àwọn ènìyàn dìbò, ó wọlé. Wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ omi àdúgbò wa fún ilé-iṣẹ́ kan tí gbogbo wa mọ̀ pé tirẹ̀ ni, orúkọ ẹlòmíràn ni ó kàn wà lára rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n ri páìpù kan mọ́lẹ̀, omi kò sun títí di òní. Ìyá arúgbó kan wá bá mi, ó ní, “Alfà, ẹ bá wa bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni ẹ mú un wá fún wa.” Mo gbé ojú sókè, mo rí páànù. N kò lè sọ̀rọ̀. Ẹnu tí ó ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ń rọ̀ lórí òrùlé yẹn, tí gbogbo ènìyàn ń dúpẹ́ pé kò jò mọ́, èmi a máa rántí ìyá tí ń ru omi.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ṣí àpò ìwé tí Alhájì fi sílẹ̀.

Ohun tí mo béèrè lọ́wọ́ Alhájì

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo dá fún un, mo mú àpò ìwé náà, mo sì lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ kí oníbàárà tó pọ̀. Mo fi í sí orí tábìlì rẹ̀. Mo ní, “Alhájì, àdúà tí ẹ ní kí n ṣe, mo ti ń ṣe é, n kò sì ní gba owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni lórí mínbárì, ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní.”

Mo ní, “Èkíní, bí ẹ bá wọlé, ta ni yóò máa ta sìmẹ́ńtì? Ṣé ẹ ó lè sọ fún ìjọ pé ilé-iṣẹ́ yín kò ní gba iṣẹ́ ìjọba kankan ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ní orúkọ yín tàbí ní orúkọ ẹlòmíràn?”

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, “Alfà, ó le, ṣùgbọ́n mo lè ṣe é. Àwọn ọmọ yóò máa ta fún àwọn ará ìlú nìkan.”

Mo ní, “Èkejì, ṣé ẹ ó kọ ohun tí ẹ ní lónìí sílẹ̀, kí àwọn àgbà ìjọ rí i, kí wọ́n sì tún rí i ní ọjọ́ tí ẹ bá kúrò?”

Ó ní, “Èyí náà kò bà mí lẹ́rù. Ìwé mi mọ́.”

Mo ní, “Ẹ̀kẹta, ta ni yóò máa sọ fún yín pé rárá?”

Kò dáhùn. Ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ń gbé páànù sínú ọkọ̀. Ní inú ìsọ̀ yẹn, láti ọgbọ̀n ọdún, kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé rárá rí. Òun ni ó ni owó, òun ni ó ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá lé ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí ìsọ̀ rí. Ṣùgbọ́n nínú Sura Shura, Ọlọ́hun ka ìfikùnlukùn mọ́ ìwà àwọn onígbàgbọ́ òdodo, ó mẹ́nu kàn án pẹ̀lú ìrun kíkí àti ìnáwó sí ojú ọ̀nà Rẹ̀. Ìlú kì í ṣe ti ẹni tí ń darí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ni ín wà níta, wọ́n ń ru omi, wọ́n ń ta ànàmọ́, wọ́n ń wá iṣẹ́, a kò sì lè lé wọn dànù bí ọjà tí kò tà.

Mo sọ ìtàn Olympio fún un, mo sì sọ ti Okotie-Eboh. Ó gbọ́ ọ parí. Ó ti àpò ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Alfà, ẹ jẹ́ kí n lọ ro ti ẹ̀kẹta yẹn.”

Títí tí mo fi ń kọ ìwé yìí, kò tíì padà wá. N kò mọ̀ bóyá inú ń bí i ni tàbí ó ń ronú lóòótọ́. Àwọn kan nínú ìjọ ti ń sọ fún mi pé mo ti lé olóore wa lọ, pé ó lè lọ kọ́ ilé kéwú sí ìlú mìíràn. Ó ṣeé ṣe. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, nítorí àwọn ọmọ tí ó ń san owó wọn pọ̀.

Ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin lèmọ́mù àti alfà ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ìyálọ́jà. Ọdún ìdìbò kan ń bọ̀ lórí òmíràn. Wọn yóò gbé ìrẹsì wá, wọn yóò gbé páànù wá, wọn yóò ní oníṣòwò ni àwọn, àwọn mọ bí a ti ń ṣe owó. Ẹ má ṣe lé wọn, oníṣòwò rere wúlò fún ìlú. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta náà kí ẹ tó gba ohunkóhun, nítorí lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á tán, ẹnu yín kò ní gba ìbéèrè mọ́.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní olórí tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kí Ó sì fún àwa náà ní ẹnu tí a lè fi bá a sọ ọ́. Àmín.